Orúkọ Wo Ló Bá Babátúndé Mu?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú páálọ̀ ara mi ní Ìpọ̀nrí, lọ́jọ́ tí a fẹ́ sọ àkọ́bí mi lórúkọ. Ayé ìjọba ológun ni, ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ẹ̀ báyìí, orí mi ṣì máa ń wú!

Fọlákẹ́ ìyàwó mi bí ọkùnrin. Orúkọ àkọ́kọ́ ò fa wàhálà kankan. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà tí bàbá mi fi kú, ọmọ yìí sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí a bí sílé wa látìgbà náà. Kí lẹ tún fẹ́ ká pè é? Babátúndé ni!

Orúkọ kejì ni wàhálà. Fọlákẹ́ ní òun fẹ́ èyí tó máa dùn létí tí tíṣà bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Á gbé ọmọ léjìká, á dúró láàárín páálọ̀, á máa pariwo bíi tíṣà: "Babátúndé Ayọ̀délé! Babátúndé Olúṣọlá! Babátúndé Samuel!" Mo ní Ayọ̀délé dáa. Ó ní dé-dé ti pọ̀ jù níbẹ̀, àfi bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo ní Samuel ńkọ́? Ó ní Samuel mẹ́ta ló ti wà nínú ilé tí a háyà yìí, tí òun bá pe ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa dáhùn. Ṣé orúkọ ọba là ń wá ni?

Màámi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ, ò dá sí i. Wọ́n kàn ní èyí tó bá wù wá ni ká fi tì í, tí a bá ṣáà ti fi Babátúndé síwájú. Wọ́n wọ dúdú fún bàbá mi, wọn ò sì fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Aṣọ tí wọ́n ń tà lọ́jà Yábà ni wọ́n fi tọ́ mi. Lójú tiwọn, orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Gàbọ́ọ̀nù ni bàbá mi ń lọ wáṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀ dojú dé. Ẹnì kan tó yọ nínú ẹ̀ ló wá ròyìn fún wa pé ìṣojú òun ni omi gbé e lọ. Wọn ò rí òkú ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Òkun mà ni!

Mo wá lọ sí gáréèjì Jíbówú, mo rán awakọ̀ kan tó ń ná Iléṣà sí àbúrò bàbá mi, pé Fọlákẹ́ ti bí, Babátúndé la sì máa sọ ọ́, kí wọ́n wá ṣàdúrà fún ọmọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Èèyàn kún páálọ̀. Kírétì mínírà wà lẹ́nu ọ̀nà, omi, oyin, iyọ̀, obì àti orógbó wà lórí tábìlì. Àbúrò bàbá mi dé, ẹni tí a máa ń pè ní Bàbá Iléṣà. Wọn ò jókòó. Mo fún wọn ní mínírà, wọn ò gbà á. Òógùn ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣé a ò lè fi Babátúndé sílẹ̀, ká sọ ọmọ ní nǹkan mìíràn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Babátúndé ti dájú, Bàbá, ẹ bá wa wá èyí tó máa tẹ̀ lé e ni.

Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín o.

Bàbá ìyàwó mi gbé ọmọ dání. Wọ́n fi omi kàn án lẹ́nu, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu. Wọ́n ní, "Orúkọ tí àwọn òbí ẹ sọ ẹ́ ni Ba..."

"Ẹ dúró!" Bàbá Iléṣà ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn. Bàbá wọn ò kú!"

Bàbá ta ni? Gbogbo wa ń wo ara wa. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti mutí.

Wọ́n jáde, wọ́n sì mú bàbá arúgbó kan wọlé, tó ti ń dúró nínú Píjò níta. Ó gbẹ, gbogbo orí ẹ̀ funfun, bùbá ọrùn ẹ̀ tóbi jù ú lọ, ó hàn pé ẹlòmíì ló yá a. Mi ò mọ̀ ọ́n! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ ọ́n, àfìgbà tó lanu.

"Àṣàkẹ́," ló wí.

Oríkì Màámi nìyẹn. Ohùn yẹn sì rèé, mo ti ń gbọ́ ọ lójú àlá títí mo fi hu irùngbọ̀n!

"Yéè! Àkúdàáyà!" Àǹtí kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa ló figbe ta. Ṣé ẹ ti rí ibi tí páálọ̀ ti ṣófo kéèyàn tó ṣẹ́jú? Àwọn kan gba ojú fèrèsé! Kírétì mínírà dànù, ìgò ń yí kiri. Fọlákẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ó sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn gbọin.

Èmi ńkọ́? Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, nínú oyin tó ti dà sílẹ̀.

Màámi nìkan ni ò sá. Wọ́n súnmọ́ bàbá mi, wọ́n fọwọ́ pa á lójú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ pa aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù láti mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbá a létí. Gbóòà! Wọ́n wá bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn la wà tí bàbá mi fi ń ṣàlàyé. Àwọn apẹja ló fà á yọ nínú omi. Ó dé Gàbọ́ọ̀nù náà, ṣùgbọ́n kò rí ṣe. Ní ọdọọdún ló ń sọ pé òun á kọ́kọ́ rí nǹkan mú dání kí òun tó padà sílé. Nígbà tó wá gbọ́ pé a ti ṣọ̀fọ̀ òun, ojú tì í pátápátá. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn ló ti dé Iléṣà, ó sá pamọ́ sílé àbúrò ẹ̀, ó sì mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí mo rán ló tú u síta. Ó ní tí wọ́n bá pe ọmọ ní Babátúndé nígbà tí òun ṣì ń mí, wọ́n ti sin òun láàyè nìyẹn.

Mo fẹ́ bínú. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ ṣáá.

Àwọn èèyàn ń yọjú padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ìyàwó mi ní ọmọ ò lè wà láìlórúkọ. Àǹtí tó pariwo àkúdàáyà lẹ́ẹ̀kan ní ká kúkú sọ ọ́ ní Kòkúmọ́, ṣé bàbá ò kú mọ́! Fọlákẹ́ ké látinú yàrá: "Ọmọ tèmi kì í ṣe àbíkú o!"

Màámi nu ojú wọn. Wọ́n ní kí Babátúndé dúró bó ṣe wà. "Ṣé bàbá ò tún dé ni?" Wọ́n ní àwọn ló máa fún un ní ìkejì. Wọn ò wo ibi tí ọmọ wà rárá. Bàbá mi ni wọ́n tẹjú mọ́.

"Dúrótìmí," ni wọ́n wí.

Babátúndé Dúrótìmí. Ẹ rọra tún un pè, ẹ ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Bàbá mi tẹrí ba. Fọlákẹ́ ti ṣílẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ àbíkú ní Dúrótìmí náà. Mo rí i tó lanu, ó sì pa á dé. Ó wá ní, "Ó bá a mu, Mà."

Màámi ò gba bàbá mi sílé wọn ní Múṣín bọ̀rọ̀ o! Páálọ̀ wa ló ń sùn. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ní ọmọ làwọn wá wò. Ṣé ọmọ tí ò tíì léyín ló máa jẹ iyán ni? Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí wọ́n ní kó kó ẹrù ẹ̀. Wọ́n jọ gbé títí ikú gidi fi mú un.

Túndé ni gbogbo wa ń pe ọmọ yẹn. Màámi nìkan ló ń pè é ní Rótìmí. Nígbà ayé bàbá mi, tí wọ́n bá ti pè é pẹ́nrẹ́n báyìí, bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn láti yàrá pé, "Mo wà níbí o!"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí àgbà bá ní ká fi orúkọ kan sílẹ̀, ká bi í léèrè ìdí, ká má fi rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó sì wà lájò tí ojú ń tì ọ́, jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ìwọ ni wọ́n ń retí, kì í ṣe ẹrù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló sọ yín ní orúkọ kejì yín, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ sínú ìtàn yìí o, ẹ sọ tiyín!