Èédú Lórí Àpáta Láfún

Mo wà lára àwọn tó dìbò pé ká yanṣẹ́ lódì, mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀ dòní. Ìjì ti ṣí òrùlé kíláàsì mi l'Ọ̀kà láti àkọ́rọ̀ òjò, a kọ̀wé títí ọwọ́ fi ro wá, ẹnikẹ́ni ò wá wò ó. Nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ká ti ilé-ìwé pa, àárọ̀ kùtù ni mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, màá já ewé dání, màá máa fi orin bú ìjọba títí ohùn mi á fi há.

Ṣùgbọ́n tí mo bá padà dé lọ́sàn-án, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà lórí àpáta tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí lẹ́yìn ilé mi. Ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Inú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa ni ṣọ́ọ̀kì wà, nítorí náà èédú la fi ń kọ̀wé sórí àpáta. Láfún wà lápá kan, ìṣirò wà lápá kejì.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ìyá rẹ̀ ló ni láfún tó pọ̀ jù lórí àpáta yẹn, ó sì ti sọ ọ́ fún mi láìfi bò: "Tíṣà, bí ọmọ yìí ò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, Ìkàrẹ́ ló ń lọ, lọ́dọ̀ télọ̀. N ò ní ọdún míì tí mo fẹ́ fi ṣòfò." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí mo mọ̀ pé ohun tó sọ ló máa ṣe.

Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ pé mò ń kọ́ wọn. Ó gbé rẹ́jísítà wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ ìjọba kọ́ ni mò ń ṣe níbí. Ẹ kan òrùlé yẹn ná." Ó ki rẹ́jísítà rẹ̀ bọ abíyá, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ẹgbẹ́ mi náà dé láti Ìkàrẹ́, ọkùnrin mẹ́ta lórí ọ̀kadà méjì, alága wa ló ṣáájú. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹnì kan ń da ìyanṣẹ́lódì rú. Àwọn ọmọ tú ká bí òròmọdìyẹ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá ọmọbìnrin yẹn ti gbé apẹ̀rẹ̀ láfún tútù, ó dà á bo gbogbo ìṣirò wa, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Mádàámù, wọ́n ní ẹ ń kọ́ ọmọ," ni alága wí.

Ó rọrùn kí n purọ́, láfún ti bò mí láṣìírí. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Kí ni mo jí gbé tí n óò fi máa sá pamọ́?

"Mò ń kọ́ wọn, Alága. Màá tún kọ́ wọn lọ́la, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣáájú yín nínú ìwọ́de. Ìjọba ni mò ń bá jà, n ò bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ yọ orúkọ mi."

Ó wò mí, ó wo láfún. Ó ní màá rí ìwé ẹgbẹ́. Mo rí i gbà lóòótọ́ nígbà tó yá: n ò gbọdọ̀ bá wọn jókòó nípàdé fún ọdún kan. Mo ṣáà lọ síbi ìwọ́de láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n wá, mo sì wà níwájú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá yẹn, bí ọ̀kadà wọn ṣe lọ tán, a kó láfún náà. Èédú ti ràn án, ó ti dúdú. Ta ló máa ra láfún dúdú? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tó ní òun ò ní ọdún míì láti fi ṣòfò.

"Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́," ó ní. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. "Ìwọ, jáde wá. Mú èédú. Ibo lẹ bá a dé?"