Orúnkún Ọmọ Ogun Inú Àwòrán

Mo dé láti ṣífìtì, mo ń fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù ra ẹsẹ̀, òórùn bàbá mi sì kún yàrá: òun ni àwọn náà máa ń fi ra ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tibi iṣẹ́ dé. Gáàdì ni wọ́n jẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù kan, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ sí, ní Chicago níbí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n fi àwòrán ogun ńlá kan hàn mí. Wọ́n ní ẹni tó yà á láyé àtijọ́ kò rí ogun rí. Ìhámọ́ra ogun tó ti gbó ló ń kó jọ, á gbé e wọ aládùúgbò rẹ̀, á ní kó dúró kóun yà á.

"Dádì, ta ló ṣẹ́gun?"

Wọ́n nawọ́ sí ọmọ ogun kan lẹ́yìn ọba. "Wo orúnkún eléyìí. Àtàárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró."

"Ẹ wá jókòó," ni mo wí látorí bẹ́ǹṣì. Mi ò tíì mọ̀ pé gáàdì kì í jókòó lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ bá mi jókòó."