Ìwé Tí Awakọ̀ Ń Gbé Kiri Fún Wa

Mo rántí ìgbà tí àwa olùkọ́ Ìlá, Ọ̀rà, Ọ̀tan Ayégbajú àti Iresi jọ ń kọ ìwé kan ṣoṣo. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, a fi ọ̀rá wé e, àwọn awakọ̀ takisí ló sì ń bá wa gbé e láti ìlú dé ìlú. Iwájú rẹ̀ ni olùkọ́ ti ń kọ ohun tó bá ṣòro fún un láti kọ́ àwọn ọmọ, kí àwọn yòókù lè gbà á nímọ̀ràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń kọ ohun tó bá yọrí sí rere. Òfin kan wà níbẹ̀ ṣá: ẹni tó bá kọ̀wé sẹ́yìn, a ó wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, èmi kọ̀wé síwájú kẹ̀? Ká má rí i! Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà mi ò mọ ìdá rárá, ìyẹn bí a ṣe ń pín odidi nǹkan. Ọ̀gá ilé ìwé wa sì ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò tẹ́ẹ̀mù yẹn, òun á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ni mo ṣí, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé mo fi iṣu kọ́ wọn ní ìdá, ó sì yé gbogbo wọn yékéyéké.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ní Sátidé kan tí mò ń kọ́ wọn ní lẹ́sìn, ìyẹn àfikún ẹ̀kọ́, olùkọ́ mẹ́ta wọlé, ìyá àgbà kan láti Ọ̀rà ló ṣáájú wọn. A kíra tán, ìyá bi àwọn ọmọ pé, "Èwo ló tóbi jù, ìdá kan nínú mẹ́rin iṣu ni àbí ìdá kan nínú mẹ́jọ?"

"Ìdá kan nínú mẹ́jọ!" Gbogbo kíláàsì ló pariwo ẹ̀. Wọ́n ti rí i pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ojú gbà mí tì. Ìyá ò tiẹ̀ wo ibi tí mo wà. Ó ní, "Ó dáa. Bí ebi bá ń pa yín, tó jẹ́ iṣu kan ló wà nílẹ̀, ṣé ènìyàn mẹ́rin lẹ fẹ́ jẹ́ nídìí ẹ̀ ni àbí mẹ́jọ?"

"Mẹ́rin, mà!" Ẹ̀rín sọ. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu: "Yéè! A ti gbà á sódì!"

Mo tẹ̀lé ìyá síta, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa."

"A mọ̀," ló wí. "Àbúrò, olùkọ́ tí kò níṣòro, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ kọ̀wé síwájú."

Mo kọ gbogbo ohun tí mi ò mọ̀, ojú ewé mẹ́ta gbáko. Kí ìwé tó padà dé ọ̀dọ̀ mi, ìdáhùn ti kún un. Àwọn ọmọ yege, kíláàsì náà ò sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ìwòyí fi mí sínú ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù. Àwòrán iṣẹ́ tó yọrí ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, mo sì ń kí wọn kú iṣẹ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kò yé àwọn ọmọ mi, èmi náà ò mọ ohun tí mo lè ṣe," òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.