Ọjọ́ tí Lágúnjú Sọ Sóyà Lórúkọ

Gbogbo àdúgbò Òkèrèwè ló mọ ọjọ́ tí olóògbé Lágúnjú dúró bí ìrókò sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó ní Dókítà Tinúadé kò gbọdọ̀ gbé hóró sóyà kan jáde. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dé Ẹdúnàbọ̀n.

"Bàbá, wọ́n ti hù. Òní ló yẹ kí wọ́n wọ kúlà yìnyín, kí wọ́n má bàa hù kọjá bẹ́ẹ̀."

"Ìkókó ni wọ́n, Dókítà mi. A kì í gbé ìkókó rìnrìn àjò kó tó lórúkọ. Ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹjọ."

Tinúadé wo aago. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́; Lágúnjú ló bá a gbin sóyà. Ó ti ká a ní tútù, ó ká a ní gbígbẹ, ó wá ku èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Àwọn òṣìṣẹ́ inú hóró, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ló ń wá: èwo ni hóró ń pàṣẹ fún pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó bá ń gbó, èwo ló ń pàṣẹ fún nígbà tó bá ń hù? Bí àkókò díẹ̀ bá kọjá, àṣẹ á ti yí padà, iṣẹ́ ọdún kan á di òfo.

Lágúnjú kúkú mọ̀ ọ́n. Òun ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àdúgbò: "Agboolé ni hóró. Àwọn kan kó oúnjẹ pamọ́, àwọn kan ń sùn. Bí omi bá ti kan àwọn tó ń sùn, wọ́n á jí, wọ́n á jẹ ẹ́ tán."

"Bíi tẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín," ni Hàjàrá ìyàwó rẹ̀ wí.

Ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí sóyà ń hù lọ́wọ́ nínú àwo, Hakeem aládùúgbò sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lágúnjú ní ó dá wọn níjì. Hakeem, baba ọlọ́mọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwo sóyà.

Tinúadé rántí gbogbo èyí, ó ní: "Bàbá, ta ló lè sọ wọ́n lórúkọ lónìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kì í bá ṣe èmi bàbá wọn?"

Hàjàrá gbé oyin àti iyọ̀ wá. Lágúnjú ki sóyà, ó wúre títí yìnyín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán, ó wá sọ gbogbo wọn ní Málọmọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni Tinúadé kó wọn lọ.

Nígbà tí èsì jáde, àìsàn ti dá Bàbá dùbúlẹ̀. Tinúadé kúnlẹ̀ tì í.

"Ṣé wọ́n dójú tì mí?"

"Rárá o, Bàbá. Àṣẹ tí mò ń wá, ọjọ́ náà gan-an ló dún jù nínú wọn. Ká ní a dúró dọjọ́ kẹjọ ni, ì bá ti lọ."

"Ẹ ò rí i? Mo ní kí ẹ yára."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bàbá lọ. Títí dòní, bí wọ́n bá bi Tinúadé pé ta ló mọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n kó sóyà náà, á ní, "Bàbá wa ní Òkèrèwè ni. Ó ní ká yára." Á rẹ́rìn-ín, á wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.