Ọjọ́ Tí Mi Ò Kí Ẹnikẹ́ni

Mo kàwé débi tí ìjì ti gbé òrùlé ilé ìwé wa lọ. Ìjì náà gbé tíṣà pẹ̀lú. Àdúgbò Oníyanrìn ló já a sílẹ̀ sí, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èmi yìí ti bá ọmọ yunifásítì jókòó ní kíláàsì.

Obìnrin tó ń kọ́ wọn ló kó wọn wá sí agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Bí wọ́n ṣe ń fi fóònù paná ìjà ló ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá rí wàhálà á sọ ohùn sílẹ̀ lórí nọ́ńbà kan. Àwọn ọmọ á pe àwọn tó wà nítòsí, wọ́n á wádìí bóyá òótọ́ ni, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí gbogbo wa nípa ọ̀nà tó dáa. Ọ̀rọ̀ ìdajì ìṣẹ́jú péré ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn náà ń gbà. Èmi, àgbà òpùrọ́ àdúgbò, ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí yóò máa ta wọ́n lólobó! Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ariwo sọ láti Ọjà'ba: àwọn ọmọ ìta ń ju ìgò lu ara wọn. Ìyàwó mi sì ti lọ ra ọṣẹ dúdú níbẹ̀. Mo pè é, kò wọlé. Mo tún pè. Mo jókòó, mo dìde, mo wọ bàtà, mo bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ tí kò lè gun òkè Mápó mọ́, ṣé òun ni n ó fi sáré wọ àárín ìgò?

Mo bá tẹ nọ́ńbà náà: "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Olùkọ́ wa ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ooru yìí mà mú o, ẹ kú ooru…"

Píì! Ẹ̀rọ ti pa mí lẹ́nu mọ́.

Èsì dé: "A dúpẹ́, Bàbá. Ara olùkọ́ yá. Ẹ kú ooru náà."

Ó ṣe mí bíi kí n jẹ fóònù náà. Ká la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láìkí ènìyàn? Ìyá mi á dìde nínú sàréè wá gbá mi létí. Àmọ́ ariwo tún sọ. Mo tún tẹ nọ́ńbà náà, mo dijú: "Ìjà ń bẹ ní Ọjà'ba! Ìyàwó mi wà níbẹ̀! Ibo ni kó gbà?"

Kò pẹ́ tí fóònù dún. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ni.

"Bàbá, ẹ ò kí wa! Gbogbo wa ti dìde dúró níbí. A ti pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà Bẹẹrẹ ò dáa, ẹ̀yìn Kúdẹtì ni kí wọ́n gbà. A ti fi ránṣẹ́ sáwọn tó wà lọ́jà."

Kúdẹtì! Ọ̀nà tó jìn. Mo rin àgbàlá wa títí ilẹ̀ fi jìn. Kòtò náà ń bẹ níbẹ̀ dòní, ewúrẹ́ ló ń sùn sínú rẹ̀.

Ìyàwó mi dé, eruku dé orúnkún, ọṣẹ wà lórí. Orí fóònù ọlọ́ṣẹ ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ rán ti bá wọn, wọ́n sì jọ gba ẹ̀yìn jáde. Mo ròyìn tèmi fún un.

"Ẹ ò kí wọn? Ọmọ ọlọ́mọ?" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pè wọ́n padà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú àdúrótì. Olùkọ́ ńkọ́? Ilé ńkọ́?"

Mo jókòó tì í, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni pé ọjà ṣì lè fà á lọ. Ó ń kí wọn lọ ràì. Mi ò ní kó yára.