Ohùn Là Ń Gbọ́, A Ò Rí Ajá

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́bọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nìkan la wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń darí ní Ìfọ́n. Mo ti Ìlọ́bù gbé géèmù wá lórí fílááṣì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyàwó mi jáde: "A. Ajá. B. Bàtà." Ojú kọ̀ǹpútà kò fi nǹkan kan hàn.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lé tábìlì. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ìyàwó mi.

Iléèwé yìí ni ìyàwó mi ti ṣe tíṣà. Mo ti dàgbà kí n tó kàwé, òun ló sì jókòó tì mí títí mo fi mọ kóòdù kọ. Èmi kọ géèmù, òun ka álífábẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì, ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lò ó.

Mo tì í, mo tún un ṣí. Ohùn nìkan náà ni.

"Àna wa, ṣé ìjà ilẹ̀ Ìfọ́n àti Ìlọ́bù ti dé inú kọ̀ǹpútà ni? Ti Ìlọ́bù kò fẹ́ yọjú n'Ífọ́n."

"Ó ti ṣí, mà."

"Ó ṣí síbo? Ẹ̀yin ará Ìlọ́bù! Ẹ tún ti kọjá ààlà."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí dáadáa.

Fáìlì kékeré kan wà pẹ̀lú géèmù lórí fílááṣì, tó ń rántí ibi tí wíńdò géèmù wà kẹ́yìn. Mo ṣí i. 2100 ló wà níbẹ̀, ìyẹn bí wíńdò ṣe jìnnà sí etí òsì tó. Fífẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà iléèwé kò sì ju 1366 lọ.

"Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ó ti kọjá ààlà."

Ojú kọ̀ǹpútà méjì ni mo ń lò nílé. Ti ọ̀tún ni mo máa ń gbé géèmù sí, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń jókòó sí. N kò gbé e kúrò níbẹ̀ rí.

"Ṣé kí n sọ fáwọn ọmọ pé kò sí mọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó di àárọ̀ ọ̀la."

Mo lè pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ kí n máa lọ, àmọ́ yóò tún ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Láíbìrì tí mo fi kọ ọ́, àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ kí géèmù kan ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, kò ṣẹ̀. Ibi tí mo ní kó gbé wíńdò sí ló gbé e sí. Àlejò tó mọ̀wà á dúró kí onílé fi àga hàn án. Èmi ni n kò kọ́ géèmù mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nílé, mo fi ìlà díẹ̀ kún un: kó kọ́kọ́ béèrè ojú mélòó ló wà àti bó ṣe fẹ̀ tó, bí ibi àtijọ́ kò bá sí mọ́, kó jókòó sáàárín. Mo yọ wáyà ojú ọ̀tún. Ọwọ́ mi pẹ́ lórí wáyà náà. Mo ṣí géèmù, ajá sì yọ láàárín gbùngbùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìfọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n ní kíláàsì kìíní, mo bi í pé ibo ni kí n jókòó sí. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Mo tẹ géèmù, mo sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ajá.