Ẹkún Tí Mo Dá Dúró ní Peckham

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ fún fíìmù ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ bá ń wo fíìmù, tí ẹ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń mí, ẹni bíi tèmi ló na gbohùngbohùn lórí ọ̀pá gígùn sókè orí onítọ̀hún, tí apá ń ro ó bí ẹni tó gún iyán fún gbogbo ìdílé ọkọ. Iṣẹ́ tó fẹ́ kéèyàn dákẹ́ ni. Àwọn ará ilé wa ní Walworth, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò gbà pé mo lè ṣe é, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní rédíò.

Aunty Hanin ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ gidi fún mi. Ọmọ Palẹsítínì ni. Ó ń ṣe fíìmù, ó sì tún máa ń ṣa iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sínú gbọ̀ngàn kí aráàlú lè wá wò ó. Ìjà kan náà ló ń fi méjèèjì jà: pé bí ilé bá ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, kí ọ̀rọ̀ má tún bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ kúrò ní abúlé wọn lọ́jọ́ kan, kò sì padà síbẹ̀ títí ó fi kú. Fún fíìmù tí mò ń wí yìí, àwọn tó gbé ní North Peckham Estate, ọgbà ilé ìjọba, kí ìjọba tó wó o ló ń wá. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀ràn wọn àti ti ìyá ìyá òun kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n òun mọ ojú ẹni tí kò lè mú ọmọ rẹ̀ dé ilé rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ Mummy Sikira, tí wọ́n gbé níbẹ̀ rí. Mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń lọ, ọ̀rẹ́ ìyá mi sì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Aunty Hanin fi ń lọ jókòó tì wọ́n láìmú kámẹ́rà dání, tó ń mu tíì wọn tó dùn ju oyin lọ. Gbogbo ohun tí Mummy máa ń sọ ni pé ilé náà dára. Wọn kì í dárúkọ Alhaji, ọkọ wọn, tó kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a máa gbé kámẹ́rà wọlé, Aunty Hanin pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Bí wọ́n bá dákẹ́, kí àwa náà dákẹ́. Bí wọ́n bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n sun ún.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo tiẹ̀ bínú díẹ̀ pé ó ń kọ́ mi níṣẹ́ mi.

Nǹkan ń lọ dáadáa. Aunty Hanin wà nídìí kámẹ́rà, èmi di ọ̀pá mi mú, Mummy sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ìbòrí funfun wọn, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀.

“The flat was big, Rafiat. Bí o bá ṣí window kitchen báyìí, wàá máa gbọ́ ohùn gbogbo neighbour.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Àwa náà dákẹ́. Ni wọ́n bá fúnra wọn fẹnu ba ibẹ̀. “Ọjọ́ tí van dé, Alhaji ò fẹ́ jáde. Wọ́n jókòó sórí floor nínú parlour tó ti ṣófo. Mo ní, Baba Sikira, ẹ dìde, driver ń wait. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní…”

Ọ̀rọ̀ há síbẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú Mummy. Aunty Hanin kò mira.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbà kì í sunkún kí ọmọdé máa wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nílé wa, ẹnì kan á ti sáré dìde, á ní ó tó, ẹ pa á mọ́ra, ẹ máa dúpẹ́, gbogbo ilé á sì ṣe àmín. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Mummy pẹ̀lú tíṣù.

“Ẹ má sunkún mọ́, Mummy. Ó ti tó. Kí Ọlọ́hun forí jin Alhaji. Ẹ ṣáà máa dúpẹ́, àwọn ọmọ yín ń ṣe well.”

Mummy nu ojú wọn. “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Alhamdulillahi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ ti jẹun? There is rice.”

Ó parí nìyẹn. Aunty Hanin rọra bi wọ́n pé kí ni Alhaji sọ. Mummy ní àwọn ti gbàgbé. A jẹ ìrẹsì náà, a kó irinṣẹ́ wa, a sì jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń retí kí Aunty Hanin bú mi. Kò bú mi. Ó kàn ń wo ìta. “Bí ìyá ìyá mi bá fẹ́ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa tá a wà nílé ṣe máa ń ṣe fún un,” ó sọ fún mi. “A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.” Ojú tì mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé ibi tí mò ń lọ, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà hàn ní Peckham, mo ti fọkàn balẹ̀ pé Aunty Hanin ti gé mi kúrò níbẹ̀. Kò gé mi. A gbọ́ bí ọ̀pá ṣe bọ́ lu ilẹ̀, ọwọ́ mi yọ, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn orí mi bo ojú Mummy pátápátá. Àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn mi ń yìn mí. “Ọmọ tó ní home training nìyẹn. Ọlọ́hun á bùkún un.” Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé mi mì, ilẹ̀ kọ̀.

Nígbà tí èrò túká, mo lọ kúnlẹ̀ fún Mummy Sikira níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọmọ wọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí jì mí, kí wọ́n sọ ohun tí Alhaji sọ lọ́jọ́ yẹn fún mi, ì báà jẹ́ èmi nìkan. Omijé ti ń dà lójú mi.

Mummy yọ tíṣù nínú báàgì wọn, wọ́n nu ojú mi.

“Má sunkún, ọmọ mi,” wọ́n ní. “Ó ti tó.”